Kọ̀ǹpútà Géèmù: Ṣé Tòkunbọ̀ Ni Ká Rà, àbí Ká To Tuntun?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìjù-Odò àti agbègbè rẹ̀: Àwọn àgbà ní lójú ọbẹ̀ la ti ń mọ ọbẹ̀ tó máa dùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà yàtọ̀: èyí tó dán jù lórí tábìlì lè jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ kú.

Ìwé ẹ̀yáwó mẹ́ta ló dé iwájú ìgbìmọ̀ wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọmọ ẹgbẹ́ kan fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Òkìtìpupa, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì OAUSTECH tó wà níbẹ̀. Ẹnì kejì fẹ́ ra ẹyọ kan tí ọmọ rẹ̀ yóò fi máa ya àwòrán ilé, kí ó sì máa fi ṣeré géèmù bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹnì kẹta kò kọ ju “kọ̀ǹpútà alágbára” lọ. Àwa ìgbìmọ̀ wojú ara wa. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni, ta ni kò ní lè dá sí i nínú wa? Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹpútà géèmù kẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nígbà kan, a yá ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lówó fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ó rà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi kú pátápátá, ẹni tó tà á kò sì gbé fóònù mọ́. Ẹ̀rọ kú, gbèsè kò kú. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù nínú owó náà, àwọn onídùúró méjì ló sì bá a san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ láti inú owó epo wọn. Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé náà láì béèrè ohunkóhun jẹ nínú ẹ̀bi yẹn. Ìdí nìyí tí a fi lọ wádìí, tí a sì ń kọ èyí.

KÍ NI KỌ̀ǸPÚTÀ GÉÈMÙ?

Kọ̀ǹpútà bíi ti ọ́fíìsì ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ti ọ́fíìsì kì í sábà ní, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, tí àwọn oníṣòwò rẹ̀ ń pè ní graphics card. Nínú géèmù, àwòrán lè yí padà nígbà ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Káàdì yìí ló ń ru ẹrù náà. Òun ló fi ń gbóná, tó fi ń jẹ iná, tó sì fi wọ́n. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe fún ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń ya àwòrán ilé.

Àwọn ẹ̀yà yòókù ni CPU, tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀. RAM, ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Díìsìkì, tó ń tọ́jú nǹkan pamọ́. Motherboard, tí gbogbo wọn jókòó lé. Àti power supply, tó ń gba iná wọlé tó sì ń pín in fún gbogbo wọn. Ẹ fi àwọn orúkọ wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sí wọn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ní i. Èkínní ni tòkunbọ̀, tí wọ́n ti lò nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó kó o wá sí Èkó. Ọjà tó lókìkí jù fún un ni Computer Village ní Ìkẹjà, ní àdúgbò Otigba. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè lò tì. Èkejì ni kí a ra ẹ̀yà tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oníṣẹ́ sì tò wọ́n pọ̀. Títo kọ̀ǹpútà kì í ṣe nǹkan àjèjì nílẹ̀ wa: ilé iṣẹ́ Omatek ti wà láti 1988, Zinox sì jáde ní 2001.

OHUN TÓ SỌ OWÓ RẸ̀ DI ỌLÁ

Owó dọ́là ni wọ́n fi ń ra àwọn ẹ̀yà yìí. Ní oṣù Kẹfà 2023, kí ìjọba tó tú owó sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀yà kan náà, ìlọ́po mẹ́ta owó! Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ tó ń ra tuntun sá padà sí tòkunbọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ti RAM dé. Láti ìparí 2025, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ẹ̀rọ onírònú, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, ń ra RAM bí ẹni tó fẹ́ kó gbogbo ọjà. Ó gbówó lórí káàkiri ayé. Ní oṣù Kejìlá 2025, ilé iṣẹ́ Micron kéde pé àwọn yóò fi òwò Crucial sílẹ̀, ìyẹn RAM àti díìsìkì tí àwọn èèyàn lásán máa ń rà fún ilé. Nítorí náà, tòkunbọ̀ tí RAM 16 GB ti wà nínú rẹ̀ ní àǹfààní tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Ṣé tòkunbọ̀ ló wá dára jù nìyẹn? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ọlọ́jà wò ó. Ká ní tòkunbọ̀ jẹ́ ₦400,000, tuntun sì jẹ́ ₦900,000. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye ọjà. Bí tòkunbọ̀ bá lo oṣù 20 kó tó kú, ₦20,000 ló ná yín lóṣù. Bí tuntun bá lo oṣù 60, ₦15,000 ni lóṣù. Tuntun jẹ èrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ₦100,000 pààrọ̀ ẹ̀yà tó ti gbó nínú tòkunbọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ rà á, tó sì lo oṣù 40, ₦500,000 pín sí 40 jẹ́ ₦12,500 péré. Èyí ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rí i pé ọjọ́ orí ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń dá a. Ohun tí ẹ yẹ̀ wò àti ohun tí ẹ pààrọ̀ ló ń dá a.

BÍ A ṢE Ń YẸ TÒKUNBỌ̀ WÒ

Kò sí ẹni tó ń ra kẹ́ẹ̀gì epo tí kì í tú ìdérí rẹ̀ wò. Ẹ má san owó kọ̀ǹpútà tí ẹ kò tíì rí inú rẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a óò rí ìfun rẹ̀.

Èkínní, káàdì àwòrán. Títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022, àwọn èèyàn káàkiri ayé ń fi káàdì yìí wa owó orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Ethereum, tọ̀sán-tòru, láì pa á. Ọjọ́ náà ni Ethereum fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn káàdì náà sì bọ́ sí ọjà tòkunbọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi géèmù tó wúwo dán an wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú yín. Bí ìlà tàbí àmì tóótòòtó bá ń hàn lójú rẹ̀, tàbí tó bá pa ara rẹ̀ nígbà tó gbóná, ẹ fi í sílẹ̀. Ayédèrú tún wà: káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ inú rẹ̀ padà. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní GPU-Z máa ń tú àṣírí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èkejì, díìsìkì. Díìsìkì fúnra rẹ̀ ń ka iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ètò ọ̀fẹ́ CrystalDiskInfo yóò fi hàn yín. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan, nítorí náà èyí tó bá ti lé ní 30,000 ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ láì sinmi.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ orí CPU. Ilé iṣẹ́ Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 sì ń béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti CPU Intel láti ìran kẹjọ sókè, tàbí Ryzen láti ìran 2000. Bí oníṣòwò bá ní “i7 ni, ó lágbára gan-an,” ẹ bi í pé, “Ìran kelòó?” i7 ìran kẹrin ti darúgbó, i5 ìran kẹjọ sì sàn jù ú fún yín.

Ẹ̀kẹrin, ìtóbi àpótí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ọ́fíìsì, bíi Dell OptiPlex àti HP EliteDesk, máa ń wá ní oríṣi ńlá àti kékeré. Káàdì àwòrán tó tóbi kò lè wọ inú kékeré. Power supply wọn pẹ̀lú sábà máa ń ní ìdí tirẹ̀ tó yàtọ̀, ti ọjà kì í bá a mu. Oríṣi ńlá tí wọ́n ń pè ní tower ni kí ẹ béèrè.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ gbangba. Ẹ gba ìwé owó tó ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí ní ẹkùn wa yìí. Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Kọ̀ǹpútà géèmù alágbára kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè jẹ 330 wáàtì. Mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 1,320. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń gbé 650 wáàtì kò lè gbé méjì nínú wọn láì mí hẹlẹhẹlẹ. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, epo tí ẹ̀rọ ń mu lè jẹ gbogbo èrè ṣọ́ọ̀bù náà.

Nítorí náà, lójú tiwa, káàdì tí kò jẹ ju 75 wáàtì lọ ló bá ilé wa mu. Irú rẹ̀ ń gba iná láti ara motherboard, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì nílò wáyà mìíràn láti ara power supply. GTX 1650 tó jáde ní 2019 wà nínú irú wọn. GTX 1050 Ti ti 2016 náà wà níbẹ̀, ó sì máa ń rọjú, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹwàá 2025 ni NVIDIA ti dẹ́kun àtúnṣe géèmù tuntun fún un. Kí ẹni tó bá rà á mọ̀ pé géèmù àtijọ́ ni òun rà á fún.

Yálà tòkunbọ̀ ni o, yálà tuntun ni o, ẹ má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ lásán láì sí UPS tàbí stabilizer láàárín. Iná tó ń lọ sókè sódò kò mọ ẹ̀rọ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí yóò sì máa lo jẹnẹrétọ̀, kí ó ra tòkunbọ̀ ọ́fíìsì tower, ìran kẹjọ sókè, tí RAM ti pé nínú rẹ̀. CPU àti RAM kì í sábà gbó. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ dáadáa lójú yín lónìí, ó ṣòro kí wọ́n kú lọ́la. Kí ó pààrọ̀ díìsìkì sí SSD tuntun, kí ó sì fi káàdì oníná kékeré sí i. Ọ̀nà àárín nìyí, òun la sì rí i pé ó bá púpọ̀ nínú wa mu.

Ẹni tó fẹ́ fi géèmù tuntun tó wúwo pa owó, tí ó ní iná tó dúró, tí ó sì lè dúró ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, kí ó to tuntun. Bí owó kò bá dé gbogbo rẹ̀, power supply àti díìsìkì kò gbọdọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Power supply tó bá bàjẹ́ lè pa àwọn yòókù mọ́ ara rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí ìgbìmọ̀ tó gbé ìwé ẹ̀yáwó kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò, a óò béèrè nǹkan mẹ́rin: orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lórí ìwé, àdéhùn ìdápadà láti ọwọ́ ẹni tó ń tà á, ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ kan tí kì í ṣe ẹni tó ń tà á, àti ibi tí iná yóò ti wá. A óò sì ka gbogbo rẹ̀ sí etí àwọn onídùúró kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Bí àwọn ọmọ bá bínú pé à ń fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ìlara. Owó tí a fi ń yá wọn, láti inú pupuru, láti inú epo, láti ibi ìpàtẹ àwọn ìyá wọn ló ti wá. Ẹ jẹ́ ká fi ra ohun tí yóò pẹ́ ju gbèsè rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́