Tápólì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ibùsùn Àsokọ́ Fún Àwọn Ọmọ Tí Ń Lọ Pàgọ́

  Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó ti ń fa àríyànjiyàn nínú ìpàdé wa láti bí oṣù mélòó kan wá: ṣé kí á tún jẹ́ kí àwọn ọmọ wa lọ pàgọ́ nígbà ìsinmi gígùn? Bí wọ́n bá sì lọ, orí kí ni wọn yóò sùn?

Kí a má fi ọ̀rọ̀ pamọ́, àwa gan-an tí a ń kọ̀wé yìí ni a dá wàhálà náà sílẹ̀. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún tí ó kọjá, àgbà méjì àti ọmọkùnrin mẹ́jọ ni a lọ sun òru méjì nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ẹ̀yìn ìlú. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà nínú wọn. A ti ra ibùsùn àsokọ́ mẹ́wàá, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní hámọ́ọ̀kì, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ó fi dá wa lójú pé ìbòrí òjò wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́, ìbòrí wà níbẹ̀. Ohun tí a kò ṣe ni pé a kò nà án wò.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, òjò dé. Ìbòrí náà kò gùn tó ibùsùn: orí wà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ wà ní ìta. Omi tí kò ti òkè wọlé ń tọ okùn bọ̀ láti ara igi, ó ń rọra kún inú aṣọ bí ẹni ń pọn omi sínú ìkòkò. Nígbà tí a fi tọ́ọ̀ṣì wo ọmọ wa, inú omi ni ó jókòó sí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, kò sì lè dá wa lóhùn. A gbé e wọ inú kíláàsì, a bọ́ aṣọ ara rẹ̀, a fi kóòtù wa wé e. Ní ọjọ́ kẹta, ikọ́ àti ibà bẹ̀rẹ̀, dókítà sì ní òtútù àyà ni. Bóyá òjò yẹn nìkan ló fà á, dókítà kò sọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ lò ní ọsibítù kí ó tó padà wálé. Ọlọ́run ṣeun, ara rẹ̀ ti le.

Ìyá rẹ̀ kò bá wa jà. Ó kàn ká ibùsùn tútù náà, ó gbé e sórí tábìlì tí a ti ń jẹun, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú ìpàdé ni ìjà wà. Bàbá àgbà kan dìde, ó ní nǹkan tí bàbá òun fi èjìká gbé Òyìnbó sí kiri inú igbó láyé ìjọba wọn, òun kò ní rí i kí ọmọ ọmọ òun máa sùn sínú rẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá sọ. Inú hámọ́ọ̀kì ni àwọn àrẹ ń gbé ajẹ́lẹ̀ àti míṣọ́nnárì kọjá odò àti òkè ní ilẹ̀ wa kí ọ̀nà mọ́tò tó pọ̀. Àmọ́ kì í ṣe Òyìnbó ló dá a sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn Taíno, ọmọ onílẹ̀ àwọn erékùṣù Karibíà, ni Columbus àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ ti rí i ní ọdún 1492, ọ̀dọ̀ wọn náà ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn atukọ̀ ojú òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sínú rẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá ń fì, ibùsùn náà á máa bá a fì, ẹni tí ó sùn kò sì ní já bọ́.

Ìdí tí a fi fẹ́ ẹ jù àgọ́ lọ kò ju bí ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì ti rí. Òkúta ni. Èèkàn àgọ́ kì í wọlẹ̀, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí òjò bá rọ̀, abẹ́ ẹni ni àgbàrá ń gbà kọjá, ká má tíì sọ ti àkeekèé. Ẹni tí ó sùn sókè bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ òjò, ibẹ̀ sì ni a ti ṣìnà. A ka ibùsùn sí ọjà, a ka ìbòrí sí èènì. Láti ìgbà náà, a ti so ọ̀kan mọ́ igi máńgòrò méjì tí ó wà ní àgbàlá wa, a ti sùn nínú rẹ̀ ní òru púpọ̀, àwọn aládùúgbò sì ti fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀ tó. Ohun tí a rí nìyí.

Tápólì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibùsùn rárá. Kí ó gùn ju ibùsùn lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ó kéré tán, ní ìhà orí àti ní ìhà ẹsẹ̀. Ibùsùn àgbàlagbà tí ó dára máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, nítorí náà, tápólì ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ní gígùn àti mẹ́wàá ní ìbú ni kí ẹ béèrè. Lára àwọn tí a ṣe fún ìpàgọ́, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 1,500 tàbí 2,000 tí a kọ mm sí lẹ́yìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni bí omi ṣe lè ga tó lórí aṣọ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò, nítorí náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ló lágbára jù. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà, ẹ mú ìgò omi kan lọ sí ọjà. Ẹ ká aṣọ náà bí abọ́, ẹ da omi sí i, ẹ bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ojú rírán dáadáa, ibẹ̀ ni ó sábà máa ń jò. Ọlọ́jà tí ó bá bínú sí omi yín ti dá yín lóhùn.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Tápólì lásán tí a fi ń bo ẹrù ní gáréèjì ń dá òjò dúró dáadáa, àfi pé ó wúwo. Ihò etí rẹ̀ ló máa ń ya. Bí ó bá ya, ẹ wá òkúta róbótó kan, ẹ fi igun tápólì wé e, kí ẹ so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀. Kò ní já mọ́.

Bí ẹ bá dé ibùdó, tápólì ni kí ẹ kọ́kọ́ so, òun náà ni kí ẹ tú kẹ́yìn, kí ẹrù yín lè máa wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ na okùn kan láti igi dé igi lókè orí, ẹ gbé tápólì kọ́ ọ bí òrùlé ilé, kí ẹ fa etí rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ dè é mọ́ òkúta ńlá. Ìjì òjò níhìn-ín sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà, ẹ fa ìhà yẹn sílẹ̀ jù, ẹ má sì kọ ẹnu òrùlé sí i. Lẹ́yìn náà, ohun kékeré kan wà tí ìbá ti gba ọmọ wa lọ́wọ́ omi: ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ okùn ibùsùn, lábẹ́ tápólì, ní orí àti ní ẹsẹ̀, kí ìdí rẹ̀ máa rọ̀ dirodiro. Omi tí ó bá ń tọ okùn bọ̀ láti ara igi yóò bá a sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan.

Ní ti ibùsùn fúnra rẹ̀, ẹ ra èyí tí a fi náílọ́ọ̀nù líle hun. Ti òwú tutù lára, ṣùgbọ́n bí ó bá mu omi, ọjọ́ méjì ni yóò fi gbẹ ní Jọ́ọ̀sì nígbà òjò. Ẹ má ṣe fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ igi. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí ó fẹ̀ tó ínṣì kan ni kí ẹ lò, kí ó má baà gé èèpo igi, kí ó má sì yọ̀. Igi méjèèjì kò gbọdọ̀ sún mọ́ra ju ẹsẹ̀ bàtà méjìlá lọ, kí wọ́n má sì jìnnà ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ fa okùn náà le gbandi, bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Àṣìṣe ńlá ni. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kíkọ ìwọ̀n ẹrù sílẹ̀ ní rélùwéè ò mọ èyí tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnìkan tí ó mọ ìṣirò níbi iṣẹ́ wa bá wa ṣe é lórí pépà. Bí ènìyàn bá wọn 80 kílò, tí okùn sì rọ̀ dáadáa, ní ìwọ̀n dígírì 30, ẹrù tí ó wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 80 kílò. Bí ẹ bá fà á le dé dígírì 15, ó di nǹkan bí 155 kílò. Ní dígírì 10, ó di 230. Ènìyàn kan náà o! Okùn tí ó já ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, a ti dá ọlọ́jà lẹ́bi rẹ̀, kò mọ̀ pé ọwọ́ wa ni. Láti mọ dígírì 30 láìlo ohunkóhun, ẹ na àtàǹpàkò sókè, ẹ na ìka tí a fi ń júwe síwájú. Bí okùn bá gba ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta òfuurufú tí ó wà láàárín wọn, láti ìhà ìka tí a fi ń júwe, ó tó. Kí ìjókòó rẹ̀ má ga ju orúnkún lọ. Bí ẹ bá wọlé, ẹ má ṣe sùn gbọọrọ bí ẹja inú agolo. Ẹ sùn ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́, kí orí wà ní apá kan, kí ẹsẹ̀ wà ní apá kejì. Ẹ̀yìn yóò tẹ́jú, ẹ ò ní jí pẹ̀lú ọrùn dídùn.

Òtútù wá ń kọ́? Ìlú Jọ́ọ̀sì ga tó 1,200 mítà ju òkun lọ, abẹ́ sì ni òtútù ń gbà wọlé. Kúbùsù tí ẹ tẹ́ sábẹ́, ara yín yóò tẹ̀ ẹ́ pa, atẹ́gùn yóò sì máa fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ tẹ́, tàbí kí ẹ so kúbùsù kan sí ìta, lábẹ́ ibùsùn, kí ó má fún pọ̀. Ó tún ń dá ẹ̀fọn dúró, nítorí pé ẹ̀fọn lè gba abẹ́ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta ènìyàn lẹ́yìn. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn tí a ń pín ní ọsibítù náà ṣe é fi bo òkè.

Ẹ gbójú sókè wo igi kí ẹ tó so ohunkóhun. Igi yukalípútọ́ọ̀sì, tí àwọn Haúsá ń pè ní turare, pọ̀ ní agbègbè wa, ó tọ́ gbọnrangandan, ó sì ń wu ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ máa ń já bọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Máńgòrò àti igi irúgbá dára jù. Ìbẹ́pẹ kì í ṣe igi fún èyí. Bí àrá bá ń sán, kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n wọ inú ilé. Ibi tí kò bá sí ilé nítòsí, kí a má ṣe so ó níbẹ̀ rárá. Ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi àwọ̀n oníhò sílẹ̀ fún ọmọdé láti fi ṣeré. Ní ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà pe irú àwọn kéékèèké bẹ́ẹ̀ padà láti ọjà nítorí àwọn ọmọ tí okùn wọn fún lọ́rùn.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń bá tírélà lọ, a mọ̀ pé abẹ́ ọkọ̀ ni ẹ ń so tiyín sí. A bẹ̀ yín. Dírẹ́bà lè jí lóru kí ó má rántí. Ti wágọ́ọ̀nù rélùwéè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ́ńjìnnì lè kan wágọ́ọ̀nù láti ìkangun kejì tí ẹ ò rí, kí èyí tí ẹ sùn sábẹ́ rẹ̀ sún láìpariwo.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà kò ṣe é fò. Láti ọjọ́ 28 oṣù Máàṣì ọdún 2022 tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná, kò sí òṣìṣẹ́ rélùwéè tí yóò sọ fún yín pé kí ọmọ lọ sun inú igbó. Inú ọgbà tí ó ní ògiri àti ọlọ́dẹ ni a ń sọ, kí baálẹ̀ àdúgbò sì ti gbọ́ ṣáájú.

Ìpàdé ti gbà pé kí àwọn ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí a bá ra tápólì mẹ́wàá tí ó gùn tó. Mẹ́fà ti wà nílẹ̀. Bàbá àgbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló dá owó ìkẹfà, ó ní kí á má dárúkọ òun. Ní ti ọmọ wa, ìyá rẹ̀ ní kí àwa bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi òjò mẹ́ta sun àgbàlá, kí òun wá fọwọ́ kan aṣọ náà láàárọ̀. Méjì ti rọ̀. Ó gbẹ nígbà méjèèjì.