Kí ló ń yọ́ àpáta lábẹ́ ilẹ̀ Afar?

Eérú Hayli Gubbi, òkè ayọnáyèéfín tó bú gbàmù ní Afar, lórílẹ̀-èdè Etiópíà, lọ́jọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2025, fò kọjá Òkun Pupa dé Yemen àti Oman, ó sì dé ojú ọ̀run Íńdíà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkun iná kan ló tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ ilẹ̀ ayé, pé ibi tó bá ti rí ihò ló ń gbà jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àpáta líle ló wà nísàlẹ̀ wa, títí dé nǹkan bíi 2,900 kìlómítà. Ní ìsàlẹ̀ jíjìn, ooru rẹ̀ ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, síbẹ̀ kò yọ́, nítorí ẹrù àpáta tó wà lórí rẹ̀ fún un pinpin.

Ojú ilẹ̀ ayé pín sí awẹ́-awẹ́ bí obì, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Ní Afar, mẹ́ta ló ń ya kúrò lára ara wọn: ti Arabia, ti Somalia, àti ti Nubia tí ilẹ̀ Yorùbá náà wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yà, ilẹ̀ ààrin wọn ń fẹ́lẹ́, àpáta gbígbóná sì ń rú sókè láti ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń gòkè ni ẹrù ń fúyẹ́ lórí rẹ̀, ìgbà náà ló wá ń yọ́. Kò sí iná tuntun kankan tó ràn án. Ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló dẹwọ́. Agbára èyí kò kéré: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, àpáta yíyọ́ fipá la abẹ́ ilẹ̀ ní Dabbahu, ní Afar kan náà, ó gùn tó 60 kìlómítà, ó sì fẹ̀ tó mítà 8 níbòmíràn.

Ti Jàpáánù àti Indonesia yàtọ̀. Awẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ló ń rì wọ abẹ́ òmíràn níbẹ̀, omi tó gbé lọ ló sì ń mú àpáta tètè yọ́.

Èyí tó ń da àwọn onímọ̀ láàmú ni Òkè Kamẹrúùnù, tó bú ní 1999 àti 2000, tí kò sì sí létí awẹ́ kankan. Ní Hawaii, wọ́n ní ojú kan ni ooru ti ń rú, awẹ́ ló ń kọjá lórí rẹ̀; ìdí nìyí tí àwọn erékùṣù ibẹ̀ fi tò tẹ̀léra bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìlà àwọn òkè ayọnáyèéfín Kamẹrúùnù, láti erékùṣù Annobón títí dé Biu ní Borno, kò tò bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tó ní ojú àpá àtijọ́ inú ilẹ̀ ni àpáta yíyọ́ ń gbà jáde ló sún mọ́ òtítọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí wọn kò tíì kún. Ó sì yẹ kí Nàìjíríà náà fi owó sí ìwádìí yìí, torí orí ìlà yẹn ni adágún Nyos wà, níbi tí gáàsì ti pa nǹkan bíi 1,700 ènìyàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, kò sì jìnnà sí ààlà wa.