Jẹ Bí Ó Ti Wù Ọ́: Ìkòkò Àjọjẹ ní Ilẹ̀ Jàpáànì

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàrin àwa Yorùbá. Àwọn bàbá wa ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe; àwọn náà ni wọ́n tún kìlọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Òwe méjèèjì yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí irú ilé oúnjẹ kan tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànì, níbi tí ènìyàn yóò ti san owó kan ṣoṣo, tí yóò sì máa bọ ẹran jẹ títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé ó tó. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Osaka, mo sì wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ẹni tí ó lè ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé jíjẹ bí ó ti wù ni níbẹ̀ ní òfin ju oúnjẹ tí a ń wọ̀n tà lọ, àti pé ìkòkò gan-an ni ó ń ṣe èyí tí ó le jù nínú òfin náà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo orúkọ rẹ̀. Tabehodai ni wọ́n ń pè é. Tabe wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí 'jẹ', hodai sì ni wọ́n ń so mọ́ ọn láti fi hàn pé kò sí ìdíwọ̀n. Bí ó bá ṣe ti ọtí ni, nomihodai ni, èyí ni pé kí o mu bí ó ti wù ọ́. Ṣùgbọ́n hodai yìí kì í bá ire nìkan rìn. Ilẹ̀ tí olúwa rẹ̀ pa tì tí igbó gbà, arehodai ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó ń ṣe tinú rẹ̀ láìka ẹnikẹ́ni sí, yaritai hodai ni wọn yóò sọ pé ó ń ṣe. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa mọ̀ pé ìdùnnú àti ìfura ni wọ́n jọ di pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Àwa náà kò ṣàìmọ irú rẹ̀, nítorí bí a ti ń fi àjẹyó ṣe àdúrà ni a ń fi àjẹkì bú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ni méjèèjì ń gbà wọlé.

Títa oúnjẹ lọ́nà yìí kò tí ì pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ní 1958 ni Imperial Hotel ní Tokyo ṣí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n sọ ní Imperial Viking, níbi tí wọ́n ti ṣe àfarawé àṣà àwọn ará àríwá Yúróòpù, tí wọn a máa to oríṣìíríṣìí oúnjẹ sórí tábìlì gígùn kí olúkúlùkù máa bù fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà ni baikingu ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe irú tábìlì bẹ́ẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ wọn. Ẹran jíjẹ ní gbangba pàápàá kì í ṣe àtọdúnmọ́dún. Ní 675 ni ọba Tenmu pàṣẹ pé fún àwọn oṣù kan nínú ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ màlúù, ẹṣin, ajá, ọ̀bọ tàbí adìyẹ, irú òfin bẹ́ẹ̀ sì ń padà wá títí di ayé àwọn ọba tí ó tẹ̀lé e. Ìgbà tí ọba Meiji jẹ ẹran màlúù ní gbangba ní 1872 ni ìtìjú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìkòkò ẹran màlúù tí wọ́n ń pè ní sukiyaki gbilẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi omi sóyà àti ṣúgà sè, tí wọ́n sì ń tọ bọ inú ẹyin tútù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. (Ẹyin tútù yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lè gbé mì.)

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni shabu-shabu. Ilé oúnjẹ Suehiro ní Osaka ni ó fún un ní orúkọ yìí ní 1952. Inú ìkòkò ẹran àgùntàn ti àwọn ará Beijing ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá. Kí ni shabu-shabu? Kò túmọ̀ sí ohun kan ju ìró lọ. Ìró ẹran tí a ń gbọ̀n nínú omi gbígbóná ni. Wọ́n ní ìgbà tí ọ̀gá ilé náà gbọ́ bí òṣìṣẹ́ kan ti ń fọ aṣọ ìnuwọ́ nínú ọpọ́n ni orúkọ náà sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè kò ní í ṣàì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ọ̀nà kan náà ni àwa gbà sọ ọ̀kadà ní alùpùpù. Èdè Jàpáànì kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí tiwa ti kún, ẹni tí ó bá sì fẹ́ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó dára, ibẹ̀ ni kí ó yà sí.

Bí a bá jókòó, àárín tábìlì ni iná àti ìkòkò wà. Omi inú rẹ̀ kò ní ata, kò ní òróró. Ewé inú òkun kan tí ń jẹ́ kombu ni wọ́n rẹ sí i. Ẹni tí ó ti ilé wa lọ yóò tọ́ ọ wò, yóò sì sọ pé omi lásán ni. Kì í ṣe omi lásán. Inú kombu yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ kẹ́míkà kan, Kikunae Ikeda, ti ṣàwárí ní 1908 ohun tí ó ń mú ọbẹ̀ dùn tí kì í ṣe iyọ̀, tí kì í sì í ṣe ṣúgà. Ní 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, wọ́n sì pè é ní Ajinomoto, àjínọmótò tí àwọn ìyá wa ń wọ́n sọ́bẹ̀ yìí náà. Aji ni adùn, moto ni orísun, no sì ń ṣe iṣẹ́ 'ti', àfi pé olóhun ni ó ń ṣáájú ohun nínú èdè tiwọn. Àwa àti ìkòkò yẹn kì í kúkú ṣe àlejò ara wa.

Ẹran náà dé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, màlúù lọ́tọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ lọ́tọ̀. Kábéèjì ilẹ̀ Ṣáínà, ewé àlùbọ́sà, olú oríṣìíríṣìí àti wàrà sóyà a tẹ̀ lé e. A ó fi igi ìjẹun mú ẹran kan, a ó gbọ̀n ọ́n nínú omi tí kò hó kutupa, yóò pa àwọ̀ dà, a ó tọ̀ ọ́ bọ omi sóyà tí a fi ọsàn kíkan sí tàbí yànmọ̀tí tí a lọ̀. Igi tí a fi mú ẹran tútù kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Ọ̀rọ̀ ìlera ni èyí, pàápàá ní ti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí ìjọba wọn fi òfin dè ní 2015 pé ilé oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ tà á ní tútù fún jíjẹ.

Báwo ni ẹni tí ń tà á kò ṣe jẹ gbèsè? Ọ̀kan ni pé oníbàárà ni alásè; ilé oúnjẹ kò sanwó fún ẹni tí yóò sè é. Èkejì ni pé ìrẹsì àti ewébẹ̀ a máa yára kún ikùn. Ẹ̀kẹta, tí ó ga jù, ni aago. Ìṣẹ́jú 90, tàbí 100, tàbí 120 ni wọ́n ń fúnni. Bí ó bá ku bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30, wọn kò gba ìbéèrè mọ́. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé àkókò ni wọ́n ń tà, tí wọ́n sì fi ẹran ṣe ènì. Ilé oúnjẹ mìíràn a sì máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá bèèrè ohun tí kò lè jẹ tán. Mo fara mọ́ èyí. Ọ̀rọ̀ mottainai, tí wọ́n fi ń dárò ohun tí a fi ṣòfò, kò jìnnà sí ẹnu wọn, ní 2019 wọ́n sì ṣe òfin kan láti dín oúnjẹ tí ń ṣègbé kù.

Ṣùgbọ́n òfin aago ni ó rọrùn jù. Ìkòkò ní ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Nabe bugyo ni wọ́n ń pe ẹni tí ó bá sọ ara rẹ̀ di alákòóso ìkòkò. Nabe ni ìkòkò, bugyo sì ni ìjòyè tí ó ń ṣàkóso ìlú tí ó sì ń dájọ́ ní ayé àtijọ́. Òun ni yóò sọ ohun tí a ó kọ́kọ́ fi sínú omi, òun ni yóò sọ pé èyí ti jiná, tọ̀hún kò tí ì jiná. Ẹni tí ó ń fi ṣíbí kó ìfófòó ẹran kúrò lójú omi, akudaikan ni, nítorí aku tí í ṣe ìfófòó bá aku tí í ṣe ìkà ṣe déédéé, akudaikan sì ni ìjòyè ìkà inú eré. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń dúró de oúnjẹ lọ ni machi bugyo, ajẹ́lẹ̀ ìgboro, nítorí machi ni ìgboro, machi náà sì ni ìdúródeni. Nínú àwo àjọjẹ ti àwọn ọmọdé wa, ẹran ni ó ń kẹ́yìn, àgbà ni ó sì ń pín in. Níbẹ̀, ẹran ni à ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò pín in; àsìkò jíjiná ni àgbà ń pín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣòro nìyí: ohun tí ẹnì kan bá fi sínú ìkòkò, gbogbo ènìyàn ni ó jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà jẹ́ ọmọ Ìlọrin, Mùsùlùmí òdodo. Ní ìparí ọdún, gbogbo ẹ̀ka náà a máa lọ ṣe bonenkai, àpèjẹ tí wọ́n fi ń gbàgbé wàhálà ọdún tí ó kọjá, ẹni tí kò bá sì lọ dà bí ẹni tí ó kọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ omi kí ó tó jókòó. Ìrẹsì funfun àti kábéèjì tútù ni ó jẹ fún ìṣẹ́jú 120, owó kan náà ni ó sì san. Kò sí ẹni tí ó bú u, wọ́n kàn ń bẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pé kí ó ṣáà tọ́ ọ wò. Ẹ̀bẹ̀ yìí sì le ju èébú lọ, nítorí pé ìfẹ́ ni ó ti wá. Wọ́n mọ èèwọ̀ ara wọn lórí tábìlì dunjú: kò sí ẹni tí í fi igi ìjẹun gún inú ìrẹsì dúró, tàbí fi igi gba oúnjẹ láti ara igi ẹlòmíràn, nítorí pé ìṣe òkú ni méjèèjì. Tirẹ̀ ni kò yé wọn, nítorí inú ẹran ni ó wà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀jọ̀gbọ́n wa, àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ ìkòkò paraku, wá ilé oúnjẹ mìíràn tí olúkúlùkù ti ní ìkòkò kékeré tirẹ̀ níwájú. Àwọn kan nínú wa kùn pé ìkòkò àdájẹ kì í ṣe ìkòkò, n kò sì lè sọ pé wọ́n purọ́. Ìdí tí a fi ń pé jọ yí iná kan ká ni wọ́n ń wí. Ọ̀rẹ́ mi kó wàrà sóyà, olú àti ewébẹ̀ sínú omi kombu tirẹ̀, ó mú ata gígún tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin jáde, ó pò ó mọ́ iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ṣá. Láti ibi tí ó jókòó sí ni ó ti ń ṣàkóso ìkòkò mẹ́jọ: ó ní kí èmi dín iná kù, ó ní kí ọmọ Ìlọrin má tí ì fọwọ́ kan olú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago pé, tí a da ìrẹsì sínú omi tí ó kù láti fi ṣe àṣekágbá, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ì tí ì fọ́ ẹyin. Gbogbo wa mú ẹyin lọ́wọ́, a ń wo ojú rẹ̀.