Ọkọ̀ Tó Kún Ló Ni Iwájú

Ní gáréèjì Ṣàgámù, ọkọ̀ tó ń lọ Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìlíṣàn kì í gbéra bí kò bá tíì kún. "Ó ku ẹnì kan!" ni agbèrò á máa pariwo, àwọn tó ti jókòó á sì máa kùn pé ooru mú àwọn. Síbẹ̀, ọkọ̀ kan ló kó gbogbo wọn, àyè ọkọ̀ kan náà ni wọ́n máa gbà níbi tí wọ́n ń lọ.

Ìrònú yìí wà nínú LEED, ìwé ẹ̀rí tí àjọ kan ní Amẹ́ríkà ń fún ilé tí kò ba àyíká jẹ́. Kì í ṣe iná àti omi nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n ń wo bí èèyàn ṣe ń dé ilé náà. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2013, ilé tó bá ń wá máàkì lórí ìgbọ́kọ̀sí gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán, dín àyè ọkọ̀ tí àwọn onímọ̀ ìrìnnà kà fún irú rẹ̀ kù. Bí 100 bá tọ́ sí i, 80 ni kó ṣe. Nínú 80 ọ̀hún, mẹ́rin ní láti wà níbi tó dára jù, fún ọkọ̀ tí èèyàn jọ wọ̀. Ẹni tó dá wa tirẹ̀ á lọ sẹ́yìn.

A lè dín àyè ìgbọ́kọ̀sí kù níbí náà. Ẹ wo Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tó sì di yunifásítì ní 1999. Inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ lọ kíláàsì. Ìjọ Adventist ló ni ín, Sátidé sì ni ìsìn wọn. Nírú ọgbà bẹ́ẹ̀, pápá tí ọkọ̀ olùkọ́ ń kún láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè lè gba ọkọ̀ olùjọsìn ní Sátidé, láìfi ọ̀dà kun ilẹ̀ míì.

Ọ̀dà yẹn gan-an ló ń dùn mí. Wọ́n á gé igi kí ọkọ̀ lè rí àyè, oòrùn á sun ilẹ̀, òjò kò ní rí ibi rì sí, gbogbo awakọ̀ á wá máa du ìbòòji igi kan tó kù.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá wa ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ ìlànà LEED. Ní Rẹ́mọ, agbègbè tí Ṣàgámù àti Ìlíṣàn wà, bọ́ọ̀sì àti ọ̀kadà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Kí ẹni tó ń ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ níbí kọ́kọ́ ya ibùdókọ̀ tó ní òrùlé àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ní igi, kó tó fa ìlà ìgbọ́kọ̀sí kankan.