Ẹ Má Tètè Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Orí eré kọ́ ni alùpùpù ti sábà máa ń wó mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ibi tó ti fẹ́ dúró ni, tàbí ibi tó ti ń yí padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, tàbí ibi tó ti sọ̀kalẹ̀ tán, tó rò pé sitáńdì ti di ilẹ̀ mú. Eré ibẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dunni. Ẹni tó sáré tó ṣubú á rí nǹkan rò fáráyé. Ẹni tó dúró lójú kan tó wá wó, ẹ̀rín ni etí rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbọ́.

Fìdítì àti Ìlọrà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Èrò ọkọ̀ tó bá ń kọjá ní Fìdítì á rí ọsàn tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á rà, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí kò ní rí ni àwọn ọ̀nà pupa tó yà kúrò lára títì lọ sí oko àti abúlé, níbi tí ọsàn, gbágùúdá àti àgbàdo ti ń wá. Mọ́tò kì í fẹ́ wọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Alùpùpù ló ń wọ̀ ọ́. Tíṣà tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwé abúlé, nọ́ọ̀sì tó ń lọ gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìyá tó ń lọ ra ọjà lóko, ọ̀pọ̀ wọn ló ń dúró de ọlọ́kadà, tí wọ́n ń sanwó àlọ, tí wọ́n ń sanwó àbọ̀. Ọlọ́kadà tó gbé wọn lọ láàárọ̀ sì lè má sí nítòsí nírọ̀lẹ́. Obìnrin tó bá ní alùpùpù tirẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, bí ó bá lè gùn ún.

Obìnrin lórí alùpùpù kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn àgbà agbègbè Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ á rántí tíṣà àti nọ́ọ̀sì obìnrin tó ń gun Vespa tàbí Honda 50 lọ síbi iṣẹ́ láyé ọjọ́un. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ìparí àwọn ọdún 1980 sọ alùpùpù di iṣẹ́ ìgbérò, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló kún orí rẹ̀, débi pé ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà rò pé ohun ọkùnrin ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnubodè lọ sí Kútọnu, Àjàṣẹ́ tàbí Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìyá ọlọ́mọ á gun alùpùpù tirẹ̀ lọ sọ́jà, ọmọ á wà lẹ́yìn, ẹrù á wà níwájú, kò sì sí ẹni tó máa yíjú wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwa níhìn-ín ló ń wo obìnrin lórí alùpùpù bí ẹni ń wo eégún.

Ìwúwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á ní alùpùpù ti wúwo jù fún obìnrin. Òótọ́ ni pé Bajaj Boxer tó kún ojú ọ̀nà wa lé ní 100 kílò. Ẹ ká a sí àpò sìmẹ́ńtì méjì. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí alùpùpù bá dúró ṣánṣán, orí taya méjèèjì ni ìwúwo náà wà, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá ibì kan ni ìwúwo yẹn máa dé lójijì, nígbà yẹn kò sì sí alágbára tó máa fi ọwọ́ dá a dúró. Ẹni tó bá ń bá a jà níbẹ̀ lè ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, tàbí kó yí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó jù ú sílẹ̀, kí ó fò sẹ́yìn. Irin ṣeé tún ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Obìnrin tí alùpùpù wó mọ́ lọ́wọ́ ní gbangba kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ ló ń wò, bóyá ẹnì kan rí òun. Iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni kó bá a yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn, síbi tí ìṣubú náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá mọ ohun tó gbé e ṣubú, gbogbo ìgbà tó bá tún gorí alùpùpù ni yóò máa retí ìṣubú láìmọ ibi tó ń gbà bọ̀. Ìbẹ̀rù tí kò ní orúkọ kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ohun tó ń gbé alùpùpù ṣubú nígbà tó bá ń rọra lọ kò sì pọ̀. Bíréèkì iwájú ló ṣáájú. Bí ọwọ́ alùpùpù bá tọ́, bíréèkì yìí gan-an ló lágbára jù láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti yí sápá kan, tí èèyàn wá fún bíréèkì iwájú pọ̀ lójijì, àgàgà lórí yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, gbogbo ìwúwo á ya síbi tí ọwọ́ yí sí, ó di gbì. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ fi máa ń sọ pé nígbà tí èèyàn bá ń rọra yí padà, bíréèkì ẹsẹ̀ ni kó lò. Kílọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀: ẹni tó bá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó fẹ́ gbéra, ẹ́ńjìnnì á kú, alùpùpù á ta gìrì á dúró, ara ẹni tó ń gùn ún á sì ṣì máa lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ń tú u díẹ̀díẹ̀ títí tó fi gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, tó sì dá ọwọ́ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, alùpùpù á rọra gbé e lọ bí ẹni ń rìn.

Ojú tún ń ṣubú ṣáájú ẹsẹ̀. Alùpùpù máa ń lọ síbi tí ẹni tó ń gùn ún bá ń wò. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò náà ni yóò bá ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wo taya iwájú nígbà tó fẹ́ yí, yóò pàdánù ìdúróṣinṣin rẹ̀. Kí ó gbé orí sókè, kí ó yí ọrùn síbi tó fẹ́ jáde sí. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́ kẹ́yìn.

Àwọn ìdí mìíràn ti ilẹ̀ wa wá. Lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ pupa máa ń rọ̀, sitáńdì ẹ̀gbẹ́ á máa rì wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀; kí oníǹkan tó ra omi tán, alùpùpù ti sùn. Òkúta pẹlẹbẹ kan tàbí àjákù pákó lábẹ́ sitáńdì ti tó. Ìró àti síkẹ́ẹ̀tì gígùn lè kó sí ṣéènì tàbí taya ẹ̀yìn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè kanlẹ̀. Bí ìjókòó bá ga jù, mẹkáníìkì lè dín fóòmù rẹ̀ kù. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa ti borí ìdajì ìbẹ̀rù náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tó máa ń dúró yí obìnrin tó ṣubú ká. Kò sí bí alùpùpù ṣe máa wó lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìlọrà tí èrò kò ní pé jọ. "Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà!" Kí ó tó dìde, ọmọkùnrin mẹ́ta ti gbé alùpùpù náà, ọ̀kan ti gùn ún, ó ń bi í pé ilé wo ni kí òun gbé e lọ. Bó bá délé, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n á gba kọ́kọ́rọ́: "Mo ti sọ fún ẹ." Inú rere ni ti àwọn ọmọ náà, àníyàn sì ni ti ọkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń parí. Wọ́n gbé alùpùpù rẹ̀ dìde, wọn kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dìde. Ẹ bi í bóyá ó farapa. Bí orí rẹ̀ bá kanlẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ fún un láyè kó simi, kó mu omi, kó sì gbé nǹkan rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó lè gbé e. Carol Youorski, tí àwọn oníalùpùpù ní Amẹ́ríkà mọ̀ sí Skert, di ẹni tí wọ́n mọ̀ káàkiri nítorí pé ó máa ń gbé alùpùpù ńlá tó wọ̀n ju 300 kílò lọ dìde níwájú èrò, òun nìkan. Ẹsẹ̀ ló fi ń gbé e, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, á ti ẹnu epo, á sì fi alùpùpù sí jíà kí taya má baà yí. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún ló wó sí, kí ó ti fa sitáńdì ẹ̀gbẹ́ yọ kó tó gbé e, nítorí apá òsì ni sitáńdì wà; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dìde tán, yóò tún gba òdì kejì wó. Apá ọ̀tún náà ni sàlẹ́ńsà sábà máa ń wà, ó sì ń jó ènìyàn. Kí ó yí ọwọ́ alùpùpù títí tí èyí tó wà nísàlẹ̀ fi sún mọ́ táńkì. Kí ó wá kẹ̀yìn sí ìjókòó, kí ó lóṣòó títí ìdí rẹ̀ fi kan ìjókòó náà, kí ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ alùpùpù tó wà nísàlẹ̀ mú, kí ó fi èkejì di irin ẹ̀yìn mú. Ẹ̀yìn á dúró ṣánṣán, ojú á wo iwájú, ẹsẹ̀ á sì máa tì sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kéékèèké. Boxer fúyẹ́ ju èyí tí Skert ń gbé lọ.

Ní tèmi, kò yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí dúró de ọjọ́ ìṣubú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ rọra tẹ́ alùpùpù náà sórí koríko, kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e. Ẹni tó ti gbé e dìde rí kò ní fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù wíwó rẹ̀.

Kí ẹni tó ṣubú tó tún gun alùpùpù rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ọwọ́ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì kò ṣẹ́, ṣé bíréèkì ẹsẹ̀ kò tẹ̀ wọnú, ṣé ọwọ́ tí wọ́n fi ń fún un níná ń padà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá yí i tán? Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó gùn ún lọ́jọ́ náà, bí ara rẹ̀ bá le, ìbáà ṣe yíyí pápá ká lẹ́ẹ̀kan péré. Pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé dára fún un: ìgbéra, ìdúró, yíyí sọ́tùn-ún, yíyí sósì. Ohun tó gbé e ṣubú gan-an ni kí ó tún ṣe, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi sú u.

Ta ni kó kọ́ ọ? Ọkọ kì í sábà jẹ́ olùkọ́ tó dára, nítorí ọ̀rọ̀ ilé máa ń bá wọn dé pápá. Obìnrin tó ti kọ́ ọ ṣáájú ló dára jù, nítorí ó ṣì rántí ibi tí òun ti ṣubú. Ẹ wo àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ D'Angels ní Èkó. Àwọn ẹgbẹ́ alùpùpù ọkùnrin kò gba Nnenna Samuila àti Jeminat Olumegbon wọlé, ni wọ́n bá dá ti obìnrin sílẹ̀. Ní 2015 Olumegbon gun alùpùpù la orílẹ̀-èdè mẹ́jọ já ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín 30 ọjọ́, ó fi kówó jọ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin alùpùpù yìí bẹ̀rẹ̀ ètò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn obìnrin. Ní 2024, Ebaide Udoh gun tirẹ̀ láti Mombasa ní Kenya dé Èkó, òun nìkan. Obìnrin Fìdítì tó fẹ́ dé oko kò nílò láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin méjì mìíràn ládùúgbò tí wọ́n jọ máa pàdé ní pápá ló nílò.

Àṣíborí kò ṣeé fojú fò. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá mú òfin rẹ̀ ṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan gé igbá dé orí kí ọlọ́pàá má baà mú wọn. Wọ́n rẹ́ni bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igbá kò ran agbárí lọ́wọ́. Àkójọ ìwádìí fi hàn pé àṣíborí gidi ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu ìpalára orí kù ní ìdá 69. Obìnrin tó bá dirun gogoro, kó wá irun mìíràn dì.

Láti pápá, ọ̀nà àdúgbò ló kàn, lẹ́yìn náà ọ̀nà oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Títì ńlá tí tírélà ń gbà ló kẹ́yìn nínú ọ̀nà, èrò ẹ̀yìn ló sì kẹ́yìn nínú ẹrù, nítorí èrò tó bá mi ara lójijì lè gbé alùpùpù tó dúró ṣubú. Àpò gàrí tí wọ́n dè dáadáa ni kí ó kọ́kọ́ gbé, kí ó tó wá kan àgbàlagbà kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, tí òun náà dé àṣíborí. Ọmọ ilé ìwé mẹ́ta lórí alùpùpù kan, bí a ṣe ń rí i láràárọ̀, kò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí rárá.