Ẹ mọ àkókò inú tíkẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó lọ wo mùsíọ́ọ̀mù ní London tàbí Paris

Ẹ̀yin oníṣòwò wa l'Ókè-Afà àti agbègbè rẹ̀, ẹni tó bá ti san owó físà, owó bàálù àti owó ilé tó máa dé sí mọ̀ pé kò sí ọjọ́ téèyàn lè fi ṣòfò nílùú òyìnbó. Ọjà la bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta aṣọ, tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tàbí tó ń ṣe àdìrẹ lè rí nǹkan mú wálé nínú ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà pa mọ́ sí, ìyẹn mùsíọ́ọ̀mù.

Ní British Museum ní London, orí idẹ kan wà níbẹ̀ tó ti Ilé-Ifẹ̀ lọ, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Àwọn idẹ Bìní tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ́dún 1897 náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá wo àwọn pátákó idẹ náà dáadáa yóò rí bí àwọn ìjòyè ṣe kó iyùn sọ́rùn, àti ọnà tó wà lára aṣọ wọn. Ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀. Àìmọ àkókò ìwọlé ló lè sọ ọ̀fẹ́ yìí di ọ̀wọ́n.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì alákòókò ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn aláṣẹ mùsíọ́ọ̀mù máa ń pín ọjọ́ sí wẹ́wẹ́, wọn á sì mọ iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ gbà wọlé ní àkókò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mú aago méjì, aago méjì ni wọ́n ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àkókò ìwọlé ni o, kì í ṣe ti ìjáde. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ lè máa wòran títí wọn yóò fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí British Museum fún aráàlú lọ́dún 1759, ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti kọ́kọ́ bèèrè fún tíkẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gba kọ́bọ̀.

London yàtọ̀ sí Paris

British Museum máa ń ṣí láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Furaidé, ó máa ń di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ 24 sí 26 oṣù Disẹ́ńbà. Ẹ lè gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé yín ní Jákàńdè Estate. Àwọn àkànṣe àfihàn nìkan ni wọ́n ń gbowó fún.

Louvre ní Paris kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Túsídeè. Láti oṣù January 2026, yúrò 32 ni ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù ń san, wọn kì í sì í dá owó padà. Ẹni tó bá fi ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́ sí àkókò rẹ̀ lè pàdánù rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi báǹkì yín bóyá káàdì yín lè ná owó ilẹ̀ òkèèrè, kí ẹ sì rà á lọ́wọ́ Louvre fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ alágbàtà.

Ẹ ṣọ́ aago yín

Aago ìlú tí mùsíọ́ọ̀mù wà ló ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe aago Èkó. Láti ìparí oṣù March títí di ìparí oṣù October, aago London àti ti Èkó dọ́gba, ṣùgbọ́n Paris fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ní àwọn oṣù tó kù, Paris ló bá wa dọ́gba, London á sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé aago Èkó lọ́wọ́ lọ sí Louvre nínú oṣù July yóò fi wákàtí gbáko pẹ́, owó rẹ̀ sì lè wọgbó.

Ẹrù ọjà kò gbọdọ̀ bá yín wọlé

Ẹ má ṣe mú ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀. Ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfurufú lè gùn ju bí ẹ ṣe rò. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló dáa.

Bí ó bá jẹ́ London, ọjọ́ Ẹtì ló rọrùn jù. Ẹ lọ ra àǹkárá àti léèsì yín láàárọ̀ ní òpópónà Wentworth, ní Petticoat Lane. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù padà sílé, nítorí British Museum kì í gba àpótí onítáyà wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sọ̀ sí Holborn tàbí Tottenham Court Road, ìrìn díẹ̀ ló kù. Tíkẹ́ẹ̀tì aago márùn-ún ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì tètè dé, torí wọ́n máa ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó ṣì ní bíi wákàtí mẹ́ta láti wòran. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá 25, níbi tí iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wà, kó tó rẹ̀ yín.

Bí ẹ bá padà dé Òkè-Afà, ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ tàbí tí ẹ ń ṣerun lè dán ọgbọ́n yìí wò lọ́sẹ̀ ọdún: ẹ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, kí èrò má baà kún ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú lọ.