Eérú Tí À Ń Dà Nù: Èwo Ló Yẹ Oko?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa l'Ọ́yọ̀ọ́ àti l'Ógbòmọ̀ṣọ́, owó ajílẹ̀ kò rọrùn, bẹ́ẹ̀ eérú ń kún ẹ̀yìn ibi tí a ti ń yan gàrí àti ibi tí a ti ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ má dà á nù o.

Pọ́táṣíọ̀mù wà nínú eérú igi. Òun náà ni àwọn ìyá wa ń rí lò nínú ọṣẹ dúdú. Káṣíọ̀mù pọ̀ níbẹ̀, ó sì ń tún ilẹ̀ tí ásíìdì ti pọ̀ jù ṣe. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n náítírójìn, tí ó ń mú kí ewé àgbàdo tutù yọ̀yọ̀, ti bá èéfín lọ. Àpò NPK 15-15-15 oní 50 kílò ní náítírójìn kílò 7.5 nínú. Nítorí náà eérú nìkan kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà kún un.

Ẹ kíyè sí i: ẹ má ṣe po eérú mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ tútù. Náítírójìn inú wọn á di gáàsì, á ta yín nímú, á sì fò lọ. Owó yín ló fò lọ yẹn! Ẹ da eérú sílẹ̀ kí ẹ tó gbìn, kí ẹ sì rò ó mọ́ ilẹ̀. Yúríà di ìgbà tí àgbàdo bá ti hù dáadáa.

Eérú ìgbẹ́ èèyàn ńkọ́? Ní Jámánì, wọ́n ń sun gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nígbà tí wọ́n bá fọ omi ìdọ̀tí ìlú. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú eérú rẹ̀, òfin ọdún 2017 sì ní kí àwọn ibùdó ńláńlá máa yọ ọ́ láti 2029. Ṣùgbọ́n òjé àti cadmium, tí iná kò lè jó tán, lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́ sí i kó tó dé oko.

Lọ́dọ̀ tiwa, ṣáláńgá àti sọ́kàwéè ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Ohun tí ọkọ̀ bá fà níbẹ̀ kì í ṣe eérú; ẹyin aràn àti kòkòrò onígbáméjì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ má rà á fún oko ẹ̀fọ́. Eérú ààtàn tí wọ́n sun bátìrì, táyà àti ọ̀rá mọ́ náà kò yẹ oko.

Ẹ̀yin aláàárí, ẹ kó eérú igi yín sínú àpò, kí òjò má fọ pọ́táṣíọ̀mù rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bá wọn dá iye rẹ̀ ní ìpàdé. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.